Bí Ìwé Òyìnbó Ṣe Pín Wa sí Méjì ní Òkè Kédárì

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìbínú a máa rọ̀ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n ṣe fún un.

Rénti ni orúkọ mi. Oko ìrẹsì àwọn òyìnbó Jọ́jíà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì ti sá nígbà tí mo pé ọmọ ogún ọdún. Mo la irà kọjá, mo lúwẹ̀ẹ́ odò mẹ́ta, mo jẹ èso tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, títí mo fi dé ilẹ̀ Fúlọ́rídà lọ́dọ̀ àwọn Sẹ́mínólì. Hóláta Míkò ló gbà mí. Míkò ni wọ́n ń pe ẹni tó bá jẹ ọba lórí ìlú wọn. Ó fún mi ní ilẹ̀, ó fún mi ní irúgbìn àgbàdo, ó ní bí mo bá kórè kí n máa mú díẹ̀ wá fún òun. Àwọn òyìnbó ní ẹrú Míkò ni àwa dúdú tí a wà níbẹ̀. Irọ́ ni. Ìṣákọ́lẹ̀ là ń san. Ìlú tiwa wà lọ́tọ̀, ìlú tiwọn wà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kígbe níhìn-ín, wọn a dá a lóhùn lọ́hùn-ún. A ní ìbọn tiwa lọ́wọ́. Nígbà tí ogun dé, ìlà kan náà la jọ tò sí.

Ọdún méjìdínlógún ni mo lò bẹ́ẹ̀. Nítorí pé mo gbọ́ èdè òyìnbó, mo sì gbọ́ ti Sẹ́mínólì bí ẹni tí wọ́n bí sí i, Míkò sọ mí di ògbufọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gba iṣẹ́ náà, mo fi iná àti omi búra pé n kò ní fi kún ọ̀rọ̀, n kò ní yọ nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì sọ níwájú Míkò nìkan kò ní ti ẹnu mi jáde síta.

Ohun tó fa ogun náà kò ṣòroó sọ. Àwọn òyìnbó ní kí àwọn Sẹ́mínólì fi ilẹ̀ bàbá wọn sílẹ̀, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìwọ̀-oòrùn níbi tí ẹnikẹ́ni wọn kò dé rí. Wọ́n kọ̀. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀, a tẹ̀lé Nókósì Hájò lọ jó àwọn oko ìrèké tó wà lápá ìlà-oòrùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Míkò obìnrin ni Nókósì, òun sì ni oyè yóò kàn, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá ni oyè ti ń wá lọ́dọ̀ wọn. Béárì, ẹranko ńlá onírun tó fẹ́ràn oyin, ni Nókósì nínú èdè wọn. Hájò ni wọ́n máa ń fi kún orúkọ ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú lójú ogun débi pé kò bẹ̀rù ikú. Bí a bá ń lọ sójú ìjà, a máa ń kì í báyìí pé: Béárì tí í já ilé oyin láìwo ojú oyin, ẹni tí ìbọn dún tó ní afẹ́fẹ́ ló fẹ́.

Bí ilé ìfúnrèké ti ń jó, àwọn ẹrú tó wà níbẹ̀ kò sá fún wa. Wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n gbé àdá, wọ́n tò sẹ́yìn wa. Kétúrà wà lára wọn, òun àti Dínà àbúrò rẹ̀. Omi ìrèké gbígbóná ti bó Kétúrà lápá ọ̀tún láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Òun ló fi apá yẹn ju iná sí òrùlé ilé olówó rẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dé, ó ti di ìyàwó mi. Dínà kò mọ̀ ju orin lọ. Bó bá ń ṣiṣẹ́ ó ń kọrin, bí ebi bá ń pa á ó ń kọrin, débi pé àwọn arúgbó Sẹ́mínólì sọ ọ́ lórúkọ ẹyẹ kan tí í ké láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Nígbà tí ogun di ọdún kejì, ebi dé. Àwọn sójà ti jó oko wa, wọ́n ti yìnbọn pa màlúù wa sílẹ̀ kí wọ́n jẹrà. Gbòǹgbò kúntì là ń jẹ, èyí tí í pa ènìyàn bí a kò bá rẹ ẹ́, kí a fọ̀ ọ́ léraléra, bí a ti í ṣe ẹ̀gẹ́ oníkíkan. Àwọn ọmọdé tí kò lè dúró kí ó mọ́ tán jẹ ẹ́, wọ́n kú. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí Ọ̀gágun òyìnbó rán àsíá funfun sí wa, Míkò tẹ́tí.

Èmi ni mo túmọ̀ ìwé àdéhùn náà. Ó ní kí àwọn Sẹ́mínólì wá sí ibùdó tó wà ní Òkè Kédárì, kí wọ́n dúró de ọkọ̀. Ó ní àwọn dúdú tó jẹ́ tiwọn yóò bá wọn lọ, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn, ‘tiwọn’, ta sí mi létí. Nígbà tí Míkò bá ní tiwa ni Rénti, bí a ti í sọ̀rọ̀ ẹbí ni. Òyìnbó lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹṣin. Mo rí i, mo sì túmọ̀ rẹ̀ kọjá lọ. Míkò tọwọ́ bọ ìwé. Ó lé ní igba ènìyàn tó wọ ibùdó náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọkọ̀ kò dé. Ẹran oníyọ̀ inú àgbá ni wọ́n ń fún wa, ìdin ń rìn nínú rẹ̀, nítorí náà àwọn obìnrin gbàṣẹ láti máa jáde lójoojúmọ́ lọ wa kúntì nínú igbó tó yí ibùdó ká. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gágun ránṣẹ́ pe Míkò sábẹ́ igi kédárì ńlá kan. Èmi nìkan ni mo bá a lọ. Òyìnbó olóko mẹ́ta jókòó ti Ọ̀gágun, wọ́n wọ bàtà aláwọ, wọn kò wo ojú wa.

Ohun tí Ọ̀gágun sọ kò pọ̀. Ó ní ìtumọ̀ ìwé náà ni pé àwọn dúdú tó ti wà lọ́dọ̀ Sẹ́mínólì kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò bá wọn lọ. Àwọn tó sá wá lẹ́yìn tí ogun bẹ̀rẹ̀, ẹrù ẹlòmíràn ni wọ́n, àwọn tó ni wọ́n sì ti dé. Bí Míkò bá yọ wọ́n lé àwọn olóko lọ́wọ́, ọkọ̀ yóò wá, oúnjẹ gidi yóò wá, ẹṣin rẹ̀ yóò bá a lọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tán, wọn yóò sì de gbogbo wa, àti dúdú àti Sẹ́mínólì.

Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìfi kún un, láìyọ nínú rẹ̀.  Míkò béèrè pé àwọn mélòó ni. Wọ́n ní méjìléláàádọ́rin. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi yọ wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó sọ fún mi láìwẹ̀yìn pé, “Rénti, ìwọ wà lára àwọn àtijọ́. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ọ́.”

Mo ní, “Ìyàwó mi ńkọ́, Bàbá?”

Ó ní, “Obìnrin mìíràn wà.” Ó rìn díẹ̀ sí i, ó wá ní, “O ti búra, má gbàgbé.”

Ìwé náà la ibùsùn mi sí méjì, ó fi èmi sápá kan, ó fi Kétúrà sápá kejì, ẹni tó sì gbà mí sílé láti ọjọ́ yìí wá ló gbé ọ̀bẹ dání.

Mo pa ẹnu mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo pa á mọ́ lọ́jọ́ kejì. Kétúrà bi mí pé kí ló dé tí n kò jẹun, mo ní inú ló ń run mí. Mo ń sọ fún ara mi pé ìbúra ló dè mí lẹ́nu. Mo tún ń sọ pé Míkò yóò yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín. Ẹni tí wọ́n bá ti kà mọ́ àwọn tí wọn kò ní fọwọ́ kàn, ibi tó jókòó sí a máa tù ú lára, bí kò tilẹ̀ fẹ́. Bí mo bá rántí, mo máa ń fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gbá ara mi létí.

Àwọn olóko kò dúró di ìgbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wọn mú sójà mẹ́jọ lọ sí etí ìṣàn omi tí àwọn obìnrin ti ń fọ kúntì. Ó dá Dínà mọ̀. Ó dá Kúfì alágbẹ̀dẹ náà mọ̀, ẹni tó máa ń tún ìbọn wa ṣe, tó lọ pọnmi níbẹ̀. Wọ́n gbá àwọn méjèèjì mú. Kétúrà dì mọ́ àbúrò rẹ̀, sójà kan fi ìdí ìbọn gbá a lágbọ̀n, ó ṣubú sínú omi. Nígbà tí mo fi máa sáré dé ibẹ̀, wọ́n ti so Dínà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Iwájú àtíbàbà Míkò ni kẹ̀kẹ́ náà gbà kọjá. Míkò jókòó lórí awọ àgbọ̀nrín rẹ̀. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá. Kò dìde.

Mo kọjá níwájú rẹ̀, mo wọ ọ̀dọ̀ Nókósì Hájò lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó kàn ní kí n lọ tún un sọ níwájú gbogbo ìlú.

Ọ̀sán gangan la pé jọ síwájú àtíbàbà Míkò, Sẹ́mínólì àti dúdú. Sójà kan dúró tì wá tó ń jẹ tábà, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ó rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ là ń sọ. Mo dìde, mo túmọ̀ ìpàdé abẹ́ igi kédárì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo fi “obìnrin mìíràn wà” kún un, nítorí pé ó wà níbẹ̀. 

Míkò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ògbufọ̀ tó tú ìmùlẹ̀,” ó ní, “ahọ́n rẹ̀ kò tún ní ilé mọ́.”

Mo ní, “Ẹ gbà á o, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lé e jáde nílé.”

Ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n òun mẹ́ta lòun fi ọwọ́ ara òun sin láàárín oṣù kan. Ó ní méjìléláàádọ́rin ni wọ́n béèrè, àwọn tó kù lé ní ọgọ́rùn-ún, òun sì yan àwọn tó kù. Kí ẹni tó bá mọ èyí tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ bọ́ síwájú. Kò bẹ̀bẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló mú mi bínú jù.

Nókósì Hájò kò dìde láti dá a lóhùn, ó fi orúnkún rìn wá síwájú arákùnrin ìyá rẹ̀ bí wọ́n ti í kí àgbà. “Àbúrò ìyá mi,” ó ní, “Kúfì ló fi ẹ̀mú fa ọta jáde nínú itan mi yìí. Tuntun ni Kúfì. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, itan náà ńkọ́, ṣé kí n gé e fún olóko? Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Lónìí, wọ́n ní tuntun. Bí wọ́n bá jẹ tuntun tán, wọn á ní àtijọ́. Bí wọ́n bá jẹ àtijọ́ tán, ta ló kù tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbèjà yín?”

Ìyá Nókósì, ẹ̀gbọ́n Míkò, bọ́ síwájú. Obìnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ ni. Ó na ìka sí àbúrò rẹ̀. “Oyè tí o jẹ,” ó ní, “inú ìyá mi ló ti wá. Inú ìyá mi kò bí ẹni tí í ta àlejò.”

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, bí àgbà obìnrin ìdílé bá ti sọ̀rọ̀, ọba kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Míkò sọ orí kọ́.

Ó wá ku bí a ó ti jáde. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, ọjọ́ mẹ́ta náà pé. Nókósì fẹ́ kí a kọlu àwọn sójà lójú ẹsẹ̀. Ìbọn mọ́kànlá péré la rí gbé pamọ́ nígbà tí a wọ ibùdó tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ wa, sójà sì lé ní igba. Kétúrà ló là á yé wa. Àgbọ̀n rẹ̀ ti wú débi pé ó ń fi ọwọ́ gbé e kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án lójoojúmọ́ báyìí. Bó bá ti ṣú, àwọn sójà tó ń ṣọ́nà a sá wọ abẹ́ àgọ́ kí ẹ̀tù ìbọn wọn má baà tutù. Ojú wọn sì ti mọ́ àwọn obìnrin tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ jáde. Kí àwọn obìnrin kó àwọn ọmọ dání bí ẹni ń lọ wa kúntì, kí wọ́n di ìbọn àti ẹ̀tù sínú awọ sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọkùnrin máa jáde ní méjì méjì bí ẹni ń lọ ṣẹ́gi ìdáná. Ẹ̀bá odò Wítilakúṣì la ó ti pàdé, níbi tí omi ti fẹjú tí kò jìn.

Ẹnì kan béèrè nípa ẹṣin. Nókósì ní kí a so gbogbo wọn mọ́lẹ̀ síbi tí sójà yóò ti máa rí wọn, ti òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ so. “Òyìnbó kò lè gbà gbọ́ láé,” ó ní, “pé ènìyàn lè fi ẹṣin sílẹ̀ nítorí ènìyàn.” A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kíkorò ni.

Míkò gbé orí sókè. Ó ní bí wọ́n bá rí i pé òun kò sí níbi tóun ti ń jókòó, wọn yóò mọ̀. Ó ní òun yóò jókòó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí ó má ṣe é.

Òjò dé, ó dúdú bí ìkòkò. Àwọn obìnrin jáde, wọ́n rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìṣe wọn, apẹ̀rẹ̀ lórí, ọmọ lẹ́yìn. Sójà ẹnu ọ̀nà fi aṣọ bo orí, kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ìyá Nókósì wà láàárín wọn, ọmọ Sẹ́mínólì kan àti ọmọ dúdú kan di aṣọ rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. Àwa ọkùnrin tẹ̀lé wọn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, mo rí Míkò lórí awọ rẹ̀, òjò ń lù ú, ó dojú kọ àgọ́ Ọ̀gágun.

A ti dé odò kí a tó gbọ́ fèrè àwọn sójà. Omi ti kún ju bí a ti rò lọ, ó dé àyà. Nókósì ní kí àwọn obìnrin di ọwọ́ ara wọn mú, kí wọ́n la odò, kí àwa mọ́kànlá tí ìbọn wà lọ́wọ́ wa dúró lẹ́yìn. Àwọn sójà ẹlẹ́ṣin yọ láàárín àwọn igi. Ìbọn wọn ti mumi, tiwa kò mumi. A yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹṣin mẹ́rin ṣubú. A tún un kì, a tún un yìn. Wọ́n wọlé pẹ̀lú idà. Ọ̀kan nínú àwa dúdú ṣubú, Sẹ́mínólì kan dúró lé e lórí láti gbà á, wọ́n sì bẹ́ òun náà lulẹ̀. Lẹ́yìn èyí àwọn ẹlẹ́ṣin wo omi náà, wọ́n wo ẹnu ìbọn wa, wọ́n yí padà. Kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ ọpọ́n oúnjẹ kan tán. A gbé àwọn òkú méjèèjì kọjá odò, a sin wọ́n sí kòtò kan.

Erékùṣù kan wà láàárín irà lọ́hùn-ún tí ẹsẹ̀ sójà kò tíì tẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀ ni ìròyìn kàn wá pé wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de Hóláta Míkò, wọ́n gbé e lọ sínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gé irun. Àwọn ènìyàn sunkún. Nókósì Hájò jẹ oyè láìsí àsè. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá tún pe ẹnì kan ní àtijọ́ tàbí tuntun láàárín wa, òun yóò gé ahọ́n rẹ̀. Gbogbo wa fi iná àti omi búra sí i. Àwọn àgbà wá bá mi, wọ́n ní Míkò ti fi ara rẹ̀ san án, kí n dárí jì í. Mo ní mo gbọ́. N kò dárí jì í.

Bí ìbúra ti parí, Kétúrà wá dúró níwájú mi. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti la odò, mo sì rò pé àgbọ̀n rẹ̀ ló ń dùn ún.

“Rénti,” ó ní, “ọjọ́ wo ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn lábẹ́ kédárì?”

Mo sọ ọjọ́ náà fún un.

“Dínà wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn,” ó ní. “Ó wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kejì. Òun ló fọ kúntì tí o ní o kò lè jẹ.”

Kò gbé ohùn sókè. Ó dúró dè mí kí n fèsì. Mo gbọ́ èdè òyìnbó, mo gbọ́ ti Sẹ́mínólì, mo gbọ́ èyí tí àwa dúdú ń sọ láàárín ara wa, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kan mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó rí i pé n kò ní fèsì, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé ìbọn mi, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ gba ìṣọ́ létí omi.